Mikail Fi Òṣùpá Ṣe Onígbọ̀wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ṣe nǹkan lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Bí ọbẹ̀ ló wà lórí iná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín bí Mikail Sànúsí, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ṣe ṣèlérí òṣùpá fún ìyá àgbà kan ní Ọ̀tan-Ilé, àti bí àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá ṣe gbé omi sáré gun òkè, tí wọ́n ń lọ pa òṣùpá náà bí ẹni ń pa iná. Ó ṣojú mi kòrókòró. Èmi náà gbé garawa kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ Mikail ná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí èyí tí mo ti ń ta ìbòrí fóònù àti okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí i. Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni, ó ga bí òpó iná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì. Kò nílò kó tú jẹnẹrétọ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Á dúró sọ́ọ̀ọ́kán, á dẹ etí, á ní, "Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí," tàbí, "Èyí ti mu omi, ẹ má tan án mọ́." Àṣìṣe rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: Mikail ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń fi ohùn borí ariwo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá sọ̀rọ̀ àṣírí fún ẹ ní Òkè-Fìà, àdúgbò Alekuwodo lọ́hùn-ún á fèsì.

Alekuwodo náà sì fèsì lóòótọ́. Ibẹ̀ ni Olúwatómisìn wà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń bá wọn ta oògùn nínú ilé oògùn kan. Jẹnẹrétọ̀ wọn bàjẹ́, wọ́n pe Mikail, ó tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Títí di òní, a ò mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ náà ló ń ṣàìsàn àbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Tómisìn sọ fún un pé, "Mikail, bàbá mi ti kú. Màmá mi àgbà ló tọ́ mi ní Ọ̀tan-Ilé. Bí wọ́n bá ní ó dáa, ó dáa. Bí wọ́n bá ní kò dáa, má wulẹ̀ bẹ ẹlòmíì."

Màmá Julianah nìyẹn, olùjọ́sìn Mẹ́tọ́díìsì, obìnrin kékeré tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí Mikail kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ KÚ ILÉ O, MÀMÁ!"

Adìyẹ tó fara pamọ́ sábẹ́ àga fò lu ògiri.

"Ọmọ Òṣogbo, káàbọ̀ s'ulé wa," ni Màmá wí. "Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo dití ni?"

"RÁRÁ O, MÀ!"

"Ó dáa. Ìwọ lo dití nìyẹn."

Mikail fẹ́ tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Ó wo yíká, ó rí i pé kò síná. Táńṣífọ́mà àdúgbò náà ti jóná tipẹ́. Ni ó bá ní lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí òun bá ń bọ̀ wá tọrọ Tómisìn, jẹnẹrétọ̀ ńlá mẹ́ta lòun máa gbé wá, gbogbo àgbàlá á mọ́lẹ̀ kedere.

"Mẹ́ta?" Màmá gbá ọwọ́ lé ọwọ́. "Ìwọ ṣe ẹ̀kẹrin. Báwo ni mà á ṣe wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn rẹ bá sọ? Mi ò fẹ́ ariwo lágbàlá mi. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ tèmi, abẹ́ òṣùpá la jókòó sí. Ojú gbogbo èèyàn hàn, kò sẹ́ni tó pariwo."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ló kó bá ọmọkùnrin yìí. Ó ní, "Ṣé òṣùpá lásán ni, Màmá? Òṣùpá ni ẹ̀ ń wí yẹn? Mà á mú un wá fún yín. Òṣùpá àrànmọ́jú! Ẹ ò ní nílò àtùpà kankan."

Tómisìn ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Kò rí i.

Màmá Julianah pe gbogbo ará ilé síta kí wọ́n wá ṣẹlẹ́rìí. "Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin yìí ti fi òṣùpá ṣe onígbọ̀wọ́. Èmi náà gbà. Ọjọ́ tí òṣùpá rẹ̀ bá tan ìmọ́lẹ̀ sí àgbàlá yìí, mà á fún un ní Tómisìn. Bí onígbọ̀wọ́ náà ò bá yọjú, kí òun náà má yọjú síbí mọ́. Irọ́ ló pa fún mi nìyẹn, èmi ò sì ní fi ọmọ fún òpùrọ́."

Ẹ má rò pé Mikail kàn sọ̀rọ̀ láìnídìí o. Ilé kéwú tó lọ ní kékeré ti kọ́ ọ ní òṣùpá kíkà. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, á tín-ín-rín bí èékánná ní apá ìwọ̀-oòrùn, kété tí oòrùn bá wọ̀. Kò ní í pẹ́ tí òun náà á fi wọ̀. Lójoojúmọ́ á máa sanra, á máa ga sí i lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Á di ìlàjì. Á kún bí ikùn aláboyún. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá, á pé róbótó, ìlà-oòrùn ni á sì ti yọ bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ lápá kejì. Mikail fúnra rẹ̀ rí oṣù náà nígbà tó lé, láti iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù náà, ni wọ́n á ṣọdún Mọ́lúdì, nítorí náà, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni òṣùpá á pé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, fóònù náà ya róbótó funfun fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Màmá gan-an fẹ́ràn ọjọ́ náà, torí òun á ti dé láti ìsìn.

Ìṣirò rẹ̀ pé o! Mo tún un sọ: ìṣirò rẹ̀ pé.

Bọ́ọ̀sì kan la kún láti Òṣogbo. Àǹtí Raliat, àbúrò bàbá Mikail, ni olórí wa. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá, ojú ọ̀run mọ́ fínífíní. Mikail wọ agbádá funfun báláú, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àga. A kí Màmá, wọ́n dáhùn. A kírun Mọgaribì. Oòrùn ti wọ̀. Gbogbo wa kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí òkè kan wà tí igi obì bò. Àwọn oko tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti Tísà Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n bàbá Tómisìn, ẹni tó jókòó bí agbẹnusọ ẹbí ìyàwó.

Màmá ní, "Ẹ pa gbogbo àtùpà. Ẹ pa iná orí fóònù yín náà. A kì í fi iná wá òṣùpá."

A pa á. A dúró.

Òkùnkùn dé, òṣùpá ò dé.

Irú òkùnkùn tí mò ń wí yìí, ẹ gbọ́, kì í ṣe kékeré. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n nílẹ̀ níbi tí a wà, èmi ò rí ọwọ́ ara mi. Àǹtí Raliat fẹ́ lọ kí àgbà obìnrin kan tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó kí i títí, ó bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Àgbà ò dáhùn. Nígbà tó fi ọwọ́ kàn án, odó ni. Ẹnì kan ló fi aṣọ bò ó.

Àwọn ọmọbìnrin ilé ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ ìyàwó, ṣé ọkọ̀ òṣùpá yín bàjẹ́ lọ́nà ni?"

"Ẹ bá wa wò ó, bóyá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ló dọ̀tí!"

"Rárá o, ajá rẹ̀ ló gé e jẹ. Àgùàlà gé òṣùpá jẹ lẹ́sẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. (Ẹ jẹ́ kí n yára gba Àgùàlà sílẹ̀ níbí: kì í ṣe ajá òṣùpá bí àwọn àgbà ti ń pè é, kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Ayé bíi tiwa ni, tí òun náà ń yí oòrùn ká lójú ọ̀nà tirẹ̀. Òun àti òṣùpá kàn máa ń bára wọn pàdé lójú wa ni, bí èrò méjì tó bára pàdé ní Òkè-Fìà tí wọn ò mọra. Lóṣù yẹn gan-an, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń yọ. Kò sí níbẹ̀ rárá.)

Mikail ò gbé ojú kúrò lára òkè. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ti mọ̀ pé bí òṣùpá yìí bá kọ̀, Tómisìn ti lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi kígbe: "Iná! Ẹ wo orí òkè! Iná!"

Gbogbo wa wo òkè. Lóòótọ́, láàárín àwọn igi obì, nǹkan kan ń pọ́n ròdòròdò bí ẹ̀yinná, kò tàn, kò kú.

"Oko obì mi!" Tísà Bọ́lárìnwá fò dìde. Ó gbàgbé pé òun ni agbẹnusọ ẹbí. "Ẹ gbé omi! Ẹ gbé omi o!"

Mikail ló kọ́kọ́ dé ìdí àwọn garawa omi tí wọ́n fẹ́ fi fọ abọ́. Ó gbé méjì. Kò bọ́ agbádá. Tísà gbé ìkan, èmi gbé ìkan, ọkùnrin ilé ọkọ, ọkùnrin ilé ìyàwó, gbogbo wa gba ọ̀nà oko, à ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, à ń ta lu ara wa. Ẹnì kan ń kígbe pé ká má da omi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dà á tán. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé báwo ni igbó tí òjò pa láàárọ̀ ṣe máa jó nírọ̀lẹ́.

A dé orí òkè. Kò sí èéfín. Kò sí òórùn nǹkan tó ń jó. Iná náà sì wà níwájú wa, lẹ́yìn igi tó kẹ́yìn. Tísà gbé garawa sókè, ó sáré bọ́ síwájú, ó da omi náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mikail ti ṣíwájú rẹ̀. Orí Mikail ni omi náà bọ́ sí, ó gba inú agbádá jáde lẹ́sẹ̀.

Iná ò kú. Ó ti kúrò nínú igi. Ó ti bọ́ sójú ọ̀run, ó dá dúró, ó rí róbótó.

Gbogbo wa na ọrùn wò ó.

"Tísà," ni Mikail wí, omi ń kán nímú rẹ̀, "ẹ má dà á sí i mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òṣùpá mi ni."

Tísà Bọ́lárìnwá gbé garawa òfìfo kalẹ̀. Ó wo òkè, ó wo Mikail, ó wo òkè. "Kí lo ṣe fún un?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, torí bí mo bá pa á mọ́ra títí dé ìparí, inú mi á bẹ́. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri lórí fóònù, mi ò sì tíì lè ṣíwọ́. Òṣùpá ò níná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń bà á tó ń dà padà sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tó bá pé, oòrùn wà lápá kan, òṣùpá wà lápá kejì, ayé wa wà láàárín. Lọ́pọ̀ oṣù, òṣùpá á gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji ayé kọjá, kò ní fara kàn án. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, inú òjìji náà ló bọ́ sí gbáà, inú rẹ̀ ló sì ti yọ sí wa. Ìgbà tí Mikail bá gbé orí dí gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, tí mi ò rí ọjà mi mọ́, nǹkan kan náà ni. Ìṣíjibò òṣùpá nìyẹn. Ọjọ́ tó bá pé nìkan ló sì lè ṣẹlẹ̀! Kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn! Àti pupa rẹ̀? Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ló ń darí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wọ inú òjìji náà, pupa rẹ̀ ló sì máa ń là á já, pupa kan náà tí ẹ ń rí nírọ̀lẹ́ bí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o. Òjìji wa ni mo wò lọ́jọ́ náà. Òjìji Òṣogbo, òjìji Iléṣà, òjìji èmi àti garawa mi, lójú òṣùpá!

Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ padà sí àgbàlá, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé èyí fún Màmá Julianah. Òṣùpá ti ga díẹ̀ sí i, Màmá náà ti ń wò ó láti orí àga rẹ̀.

"Mikail. Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ó dà bí èédú tó fẹ́ kú. Èyí ni kí n fi rí ojú àna mi? Kí ló ṣe é?"

Àǹtí Raliat fa Mikail mọ́ra nínú òkùnkùn. Ó rọra sọ ọ́ sí i létí, èmi tí mo wà nítòsí nìkan ló yẹ kó gbọ́: "Sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Sọ pé pupa lo mọ̀ọ́mọ̀ yàn, pé òṣùpá pupa ni òṣùpá oríire fún ìyàwó."

Mikail náà rọra fèsì, bó ṣe mọ rírọra mọ.

"ÀǸTÍ, MI Ò LÈ PARỌ́ FÚN MÀMÁ! MO MỌ̀ PÉ Ó MÁA PÉ NI, MI Ò MỌ̀ PÉ Ó MÁA DÚDÚ!"

Gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ. Ilé kejì gbọ́ ọ. Àǹtí Raliat fi ìborùn bo ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo gbọ́ tí Tómisìn ń rẹ́rìn-ín tí ó ń sunkún pọ̀.

Màmá tún gbé ojú sókè wo òṣùpá. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Onígbọ̀wọ́ tó ń ṣàìsàn, a kì í lé e. A ó jókòó dè é."

Àǹtí Raliat wá rántí pé ìrun kan wà tí àwọn Mùsùlùmí máa ń kí bí òṣùpá bá ṣókùnkùn. Ó tọrọ àyè. Màmá ní, "Ẹ ṣe é, ilẹ̀ Ọlọ́run ni." Wọ́n tẹ́ ẹní, kálukú ń kí tirẹ̀. Tísà Bọ́lárìnwá wò wọ́n títí, ara rẹ̀ ò gbà á. "Ṣé àwa á kàn máa wòran ni? Ẹ̀yin ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ dìde!" Ó dá orin ìsìn, wọ́n gbè é. Mikail, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, wà lórí ẹní. Tómisìn wà láàárín àwọn akọrin. Àǹtí Raliat tó ń kírun ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ orin sílẹ̀, ó kàn ń fa ìrun rẹ̀ gùn. Àwọn náà rí i pé ìrun gùn, wọ́n tún orin bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń bára wọn díje yẹn ni ìsàlẹ̀ òṣùpá ti tàn. Bí ẹni fi ìka nu ìdí ìkòkò. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan, funfun gbòò.

"Ó ti ń là!" àwọn ọmọbìnrin kígbe.

"Orin wa ni!" ni Tísà wí.

Àǹtí Raliat ti sálámà, ó ti kírun tán. "Orin wo? Ṣé ẹ ò rí i pé bí a ṣe fi orí kanlẹ̀ ló là?"

"Ẹsẹ̀ orin kẹta ló là!"

"Ẹ kọrin títí, kò là, àfìgbà tí a forí kanlẹ̀!"

Wọ́n ń jà á lọ bẹ́ẹ̀, òṣùpá ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó ń ti òjìji sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó di ìlàjì. Gbogbo ohun tó máa ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, ó ṣe é lójú wa lórí ìjókòó kan. Bí ó ti ń tóbi, ojú àwọn èèyàn ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: imú ẹnì kan, fìlà ẹnì kan, odó tí Àǹtí Raliat kí. Ìgbà tó fi pé, mo lè ka ìlà ọwọ́ ara mi.

Màmá Julianah wo Mikail látòkè délẹ̀. Ẹrẹ̀ dé orúnkún, agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ adìyẹ tí wọ́n rẹ sómi. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká wọn ń mì.

"Tísà ní orin ni. Ìyá Òṣogbo ní ìrun ni," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Èmi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Bí irú òkùnkùn yìí bá tún dé, mi ò mọ èyí tí a máa nílò. Kí àwọn ọmọ méjèèjì yìí lọ máa gbé pọ̀, kí orin àti ìrun lè máa wà nílé. Mikail, onígbọ̀wọ́ rẹ pẹ́, ó sì yọjú. Mo ti fún ọ."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Bí ẹ bá dé Òkè-Fìà, ẹ bi Mikail léèrè. Ẹ ò ní sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi tàbí tirẹ̀ gbọ́ lásán. Ọjọ́ tí òṣùpá bá tún fẹ́ pé, ẹ jáde síta bí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Ẹ pa iná. Ẹ fi ẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ kọjú sí apá kejì, kí ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa wo ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Òun ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ lọ wò ó fúnra yín!